Irun Ni Wúlù, Kì í Ṣe Òwú

Ẹ já díẹ̀ lára òwú tí ẹ fẹ́ rẹ láró, kó má gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lókè àwo, kí ẹ ṣáná sí i. Bó bá ń rùn bí irun orí tó jóná, tí iná ara rẹ̀ kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti gbé ìṣáná kúrò, tí ohun tó kù sì rún bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́ bí ọ̀rá, tó ń kán tó, tó, tó wá le bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí ìka kò lè fọ́, àkírílíìkì ni, ọmọ epo rọ̀bì. Bó bá jó wìì bí bébà, tó fi eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, òwú oko ni. Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìdí tí mo fi gbé èyí ṣáájú ni pé lọ́jà Ìgbọ̀nà àti ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo, "wúlù" lorúkọ gbogbo òwú tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀ àti súẹ́tà. Àkírílíìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àkírílíìkì kò mọ ewé, kò mọ èèpo. Ẹ lè sè é pẹ̀lú èèpo àlùbọ́sà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò padà funfun bíi lékeléke. Àwọn àgùntàn tó ń rìn kiri àdúgbò wa pàápàá, irun ṣákálá ló wà lára wọn, kì í ṣe wúlù tó ṣe é ran. Ibi tí wúlù gidi ti máa ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ láìná owó rẹpẹtẹ ni ìdí òkìrìká. Ẹ wá súẹ́tà funfun tàbí aláwọ̀ ìpara tí wọ́n kọ "100% wool" sí àmì inú ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ so ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lásán, ẹ ó tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tú irun dídì. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Wẹ́wẹ́ ni òwú rẹ̀ yóò máa já sí yín lọ́wọ́.

Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń pe ibí. Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú gan-an kò ṣe é sọ láìdárúkọ ìkòkò aró: àwọn tó kọ́kọ́ dé etí odò gé igi, igi wó lu omi, ohùn Ọ̀ṣun sì jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ wúlù níbí lè rò pé ohun tí òun ń wá ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ òwú oko ni ìlú yìí fi kọ́ṣẹ́ aró. Omi eérú tó ta, oòrùn ọ̀sán gangan, igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ kó lè dán, òwú oko lè fara da gbogbo rẹ̀ nítorí ara ewéko ló ti wá. Irun ni wúlù. Ìyá tó ń fọ orí ọmọ rẹ̀ kò ní da omi híhó lé e, kò ní fi omi eérú fọ̀ ọ́, kò sì ní fọwọ́ méjèèjì fún un bí ìlédìí. Bí ẹ bá ń ṣe wúlù bí ẹni ń ṣe irun orí, ẹ ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà rẹ̀.

Ìdajì kejì ni dídì. Ara fọ́nrán wúlù kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ tín-tìn-tín bíi ti ẹja. Bí omi gbígbóná bá kàn án, ìpẹ́ náà á ṣí. Bí ẹ bá wá ń fọwọ́ pa á, tàbí tí ẹ gbé e láti inú omi gbígbóná bọ inú omi tútù lójijì, ìpẹ́ á há mọ́ ìpẹ́, òwú á sún kì, á nípọn, kò sì sí ohun tó lè tú u mọ́. Nítorí náà, omi tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó ti jáde dọ́gba ní ooru. Bí ẹ bá sì gbé e kaná, ẹ má rò ó bí àmàlà. Ẹ kàn fi igi tì í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yí i lójú padà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó.

Òwú gbígbẹ gíráàmù 100 ni mo ó fi ṣe ìwọ̀n gbogbo ohun tó kù. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó. Ìwọ̀n ojú máa ń purọ́, pàápàá lórí álọ́ọ̀mù. Ẹ ká òwú náà mọ́ ẹ̀yìn àga kó di ìdì roboto, kí ẹ fi òwú mìíràn so ó níbi mẹ́rin, kí ẹ so ó dẹ̀ngbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ bá so pinpin ni aró kò ní dé. Ó jẹ́ ọ̀nà kan láti ṣe àdìrẹ sórí òwú, àmọ́ ẹni tí kò pète rẹ̀ ló sábà máa ń rí i.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọ̀rá ara àgùntàn tàbí epo tí wọ́n fi ran òwú ṣì lè wà lára rẹ̀, aró kì í sì í gba orí ọ̀rá kọjá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lítà 4, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ṣíbí kékeré kan. Ẹ rì í sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ dúdú kọ́, eérú ló bí i. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ náà kọ́: òun náà ń ta bí eérú, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ní èròjà tó ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin, irú ohun kan náà tí irun fi ṣe ara ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin sì ní. Kò ní béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òwú yín.

Lẹ́yìn náà ni álọ́ọ̀mù, èyí tí àwọn àgbà ń jù sínú àmù kí omi kànga lè tòrò. Òun ló máa ń di àwọ̀ mú mọ́ ara wúlù. Láìsí i, ọ̀pọ̀ èèpo àti ewé á kàn fara kan òwú ni, tí wọn á bá omi àkọ́kọ́ lọ. Gíráàmù 12 ni fún òwú gíráàmù 100. Ẹ yan èyí tó funfun, tó mọ́ gaara. Èyí tó ní ìpọ́n díẹ̀ nínú lè ní irin, irin á sì ba àwọ̀ títàn jẹ́. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ omi gbígbóná ife kan títí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ tó dà á sínú omi lítà 4 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbé òwú tó ti rin gbingbin sí i, kí ẹ mú iná rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, kó gbà tó wákàtí kan kó tó dé 80 sí 85 lórí tẹmómítà. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó wo ojú omi: ooru omi ń rú, ìléròrò wẹ́wẹ́ ń gbéra nísàlẹ̀ ìkòkò, ojú omi ń gbọ̀n, àmọ́ kò hó. Ibẹ̀ ni kó wà fún wákàtí kan. Ẹ sọ iná kalẹ̀, kí ẹ fi òwú sínú rẹ̀ mọ́jú. Àwọn kan gbà pé bí álọ́ọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ ṣe ń dì tó. Irọ́ ni. Bó bá ti kọjá gíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwú á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kò sì ní rọ̀ mọ́.

Ìkòkò tí kò ní ìpata ni kí ẹ lò, kó má sì jẹ́ èyí tí ẹ fi ń se ọbẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Bí omi kànga yín bá máa ń fi àbàwọ́n pọ́npọ́n sí inú garawa, irin wà nínú rẹ̀; yẹ́lò tó yẹ kó tàn á jáde bí omi ẹrẹ̀.

Èèpo àlùbọ́sà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í dójú tini, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ìdí àlùbọ́sà lọ́jà, gbígbá ni wọ́n ń gbá a dànù. Ẹ bá ìyá alálùbọ́sà sọ ọ́ dáadáa, ẹ ra ti ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fún wọn ní ọ̀rá ńlá méjì kí wọ́n máa bá yín kó o sí i. Kò wúwo rárá, gíráàmù 100 rẹ̀ lè kún ọ̀rá ńlá kan bámúbámú. Ẹ ṣa èyí tó ti bu kúrò. Ẹ sè é nínú omi lítà 4 fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ títí ọwọ́ á fi gbà á, kí ẹ tó rọra gbé òwú tó ti mu álọ́ọ̀mù sí i. Ẹ tún mú un lọ sí 80, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kó sì tutù nínú omi rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fi igi gbé e sókè, ẹ ó rí i pé omi inú ìkòkò pọ́n bíi tíì tó ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ òwú ti mú àwọ̀ oyin, ó súnmọ́ ti ọsàn tó pọ́n. Àlùbọ́sà pupa wa yìí kì í fún wúlù ní àwọ̀ èèpo rẹ̀; ẹni tó ń retí elésè àlùkò níbẹ̀ á retí títí. Ẹ má da omi náà nù. Ẹ fi òwú mìíràn sí i, á mú yẹ́lò tó rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú omi kan náà ni ẹ ti lè fi omi ìṣó tó dípẹtà gba àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ. Ìṣó ẹ̀kúnwọ́ kan, omi àti fínígà díẹ̀ nínú ìgò tí ẹ kò dé pa, ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣíbí kan péré ni kí ẹ dà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé òwú kúrò nínú omi kí ẹ tó dà á, ẹ rò ó, kí ẹ tó dá òwú padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí irin bá pọ̀ jù, ìyà rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í já pẹ́úpẹ́ú.

Pòròporo ọkà bàbà, èyí tí àwọn oníwàrà fi ń pa wàrà wọn láwọ̀, náà dára lórí wúlù. Gíráàmù 100, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é bí èèpo àlùbọ́sà. Pupa tó jìn ló ń mú, á sì ṣú bí ẹ bá fi irin kàn án. Obì ń fúnni ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ lo èyí tí kòkòrò ti jẹ tí kò ṣe é tà mọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ jẹ́ kó pọ́n nínú atẹ́gùn kí ẹ tó rẹ ẹ́.

Osùn ló ní agídí. Omi lásán kì í lè fa pupa rẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá da ìyẹ̀fun osùn sínú omi híhó fi máa ń rí omi tó pọ́n àti òwú tó kàn dọ̀tí. Ọtí líle ló ń mú un jáde. Ẹ da ògógóró lé gíráàmù 50 títí yóò fi bò ó, ẹ dé e mọ́jú, kí ẹ dì í sínú aṣọ tó nípọn kí ìyẹ̀fun rẹ̀ má bàa há sínú òwú. Ẹ kó àpò àti ọtí náà sínú omi lítà 4 ní ìta gbangba kí ẹ tó dá iná rárá; ògógóró ń gbaná ju kẹrosíìnì lọ. Wákàtí méjì lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń gbà.

Ata ilẹ̀ pupa ń tàn yòò, ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kò béèrè álọ́ọ̀mù, ó ń mú kíákíá, oòrùn sì ń ṣí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọṣẹ tó ta bá tún kàn án, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Fínígà lè dá yẹ́lò rẹ̀ padà, àmọ́ ta ló fẹ́ máa da fínígà sí fìlà ọmọ? Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi rẹ̀ rẹwà débi pé ojú kì í gbà á gbọ́ pé òwú á jáde ní àwọ̀ eérú. Ẹ mu sóbò yín.

Ó wá ku aró fúnra rẹ̀. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Wúlù ní tirẹ̀ lè ráhùn gan-an bí ẹ bá mú un lọ sí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti 1897 tí ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà pò, òun ló gba iwájú mọ́ elú lọ́wọ́ níbi púpọ̀, kẹ́míkà kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ̀sì sì ni ọ̀pọ̀ aláró fi ń jí i, kó lè wọ òwú. Kọ́sítíìkì tó gbóná lè yọ́ wúlù di omi. Kì í ṣe pé ó ń bà á jẹ́ díẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́ ọ bí iyọ̀. Ìkòkò omi eérú àtijọ́ sàn jù ú lọ, síbẹ̀ ó ta jù fún irun. Nítorí náà, ìkòkò tó rọ̀ ni kí ẹ ṣe fún wúlù.

Ẹ wá elú gígún tí wọ́n ti ṣù tí wọ́n sì ti sá gbẹ, ìṣù mẹ́wàá tó tó ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àjèrè sẹ́ omi eérú igi, kí ẹ fi omi òjò là á títí bébà pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe ta tó hàn, á fi sọ 10 fún yín, kó má jù bẹ́ẹ̀. Lítà 10 rẹ̀ ni kí ẹ fọ́ elú náà sí, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ èérí àlìkámà kan láti bọ́ àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú un kan. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó móoru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ márùn-ún lè tó. Bí ọyẹ́ bá mú, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, a sì lè fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò lóru. Ẹ máa rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láìda atẹ́gùn sí i.

Kíkan rẹ̀ á máa fa pH wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá wà láàárín 9 sí 9.5 ni kí ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò. Awọ tó ń dán bí idẹ á ti bo ojú omi, èéhó á dúró láàárín rẹ̀ bí òdòdó. Bí ẹ bá fi ṣíbí yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó wà lábẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Àwọ̀ tó wà láàárín yẹ́lò àti ewé ni kí ẹ rí. Omi tó ṣì jẹ́ búlúù kò tíì jí. Bí ẹ bá ki òwú bọ̀ ọ́, aró á kàn jókòó sórí rẹ̀, á sì máa kùn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń hun ún. Ẹ fún un ní èérí díẹ̀ àti ọjọ́ méjì sí i. Bó bá ti wálẹ̀ ju 8.5 lọ tó sì ń rùn bí ohun tó jẹrà, omi eérú díẹ̀ ló ń fẹ́, kíákíá, kí àwọ̀ inú rẹ̀ má bàa kú.

Wúlù tó ń lọ sínú aró kò nílò álọ́ọ̀mù. Ẹ rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi jáde, ẹ tẹ omi ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ kó èéhó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ rọra tì í sábẹ́ omi aró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ìka méjì pa etí òwú wò lábẹ́ omi: bó bá ń yọ̀ bí ilá, omi náà ti ta jù, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tẹ omi ara rẹ̀ sínú ìkòkò kó tó jáde, kó má kán tótó padà sórí aró, torí atẹ́gùn tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé ń pa ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀. Òwú á jáde ní àwọ̀ ewé tútù. Ibi tí atẹ́gùn bá kọ́kọ́ kàn lára rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yí padà, láti etí wọ àárín. Inú ìdì, níbi tí òwú ti lẹ̀ mọ́ra, ló ń kẹ́yìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ya á síra kó má ṣe ní tóótòòtó. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú lókè kí ẹ tó tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń fúnni ní àwọ̀ ojú ọ̀run òwúrọ̀, ìgbà márùn-ún á dúdú. Kíkì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá dára ju fífi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan lọ, torí eérú kò sinmi ní gbogbo àsìkò yẹn.

Bó bá parí, ẹ ṣàn án, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 4 tí ẹ da fínígà ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí, fún ìdajì wákàtí. Fínígà ló ń pa oró eérú tó kù lára irun. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, òwú rẹ̀ á máa le koko. Ẹni tó fẹ́ àwọ̀ ewé, aró ni kó ṣáájú, kí álọ́ọ̀mù àti èèpo àlùbọ́sà tó tẹ̀ lé e. Bí yẹ́lò bá ṣáájú, ìkòkò aró á bó díẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Abẹ́ ibòji ni kí gbogbo rẹ̀ gbẹ sí, lórí igi, láìso òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kí ẹ tó fi hun ohunkóhun tí ẹ fẹ́ tà, ẹ wé díẹ̀ lára òwú kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí, ẹ fi páálí mìíràn bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣí i. Níbi aró, ẹ ó wá ààlà náà títí kí ẹ tó rí i, bí ẹ bá rí i rárá. Ti ata ilẹ̀ pupa, láti ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti rí i.